Loon tó pọn ọmọ: bí a ṣe ń wo ẹyẹ orí adágún New Hampshire nígbà ooru, àti bí a ṣe ń ya fọ́tò wọn

ÌyáÌbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ti gba ilé kan létí adágún Squam Lake, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje. Ohun táwọn ọmọ ń béèrè ni loon, ẹyẹ omi ńlá tó ń rì wá ẹja, tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Kámẹ́rà mi jẹ́ APS-C (èyí tí sensor rẹ̀ kéré ju ti full frame lọ) oní-megapixel 24, lẹ́ǹsì 100-400 mm ló wà lórí rẹ̀, a ó sì háyà kayak (ọkọ̀ kékeré alájẹ̀) méjì. Ìgbà wo ló dáa jù, báwo la ṣe lè sún mọ́ wọn tó, kí sì ni kí n gbé kámẹ́rà sí? Àwọn adágún kékeré kan tún wà nínú igbó lẹ́yìn ilé náà. Ẹyẹ wo ni ká máa retí níbẹ̀?

AláwòẸyẹ

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ìyá Ìbejì. Àsìkò tí ẹ mú yẹn gan-an ni. Láti inú oṣù Karùn-ún ni loon ti ń yé ẹyin níbẹ̀. Méjì ló sábà máa ń jẹ́, takọ-tabo ló sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láti sàba lé e fún bí ọjọ́ 26 sí 31. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń jáde láàárín oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Bí omi bá gba ìtẹ́ àkọ́kọ́ tàbí tí raccoon (ẹranko igbó kékeré kan) bá jẹ ẹyin, wọ́n lè tún òmíràn yé. Nítorí náà, lórí adágún kan náà, ẹ lè bá ìdílé kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí oṣù kan, kí òmíràn ṣì wà lórí ẹyin.

Àwọ̀ ara ọmọ ni ẹ ó fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìhùhù rẹ̀ bá ṣì dúdú, kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ, ìgbà yìí ló ń gun ẹ̀yìn òbí. Bí ìhùhù náà bá ti di búráùn, ó ti ń tóbi ju ohun tí wọ́n ń pọ̀n lọ. Nígbà tí ìyẹ́ aláwọ̀ eérú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó, ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì ní fò títí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ 11 tàbí 12. Bó bá jẹ́ fọ́tò ẹ̀yìn lẹ ń lé, ọmọ dúdú ni kí ẹ wá, ẹ má sì fi falẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ padà lọ ní Túsìdé. Ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀n wọ́n kò ju pé omi tutù fún ara kékeré yẹn, ìjàpá omi àti ẹja ńlá wà nísàlẹ̀, idì sì wà lókè.

Ẹ má wá ìtẹ́ kiri rárá. Láàárín bí ọjọ́ kan tí ọmọ bá jáde, òbí á ti kó wọn kúrò níbẹ̀. Kọ̀rọ̀ omi tí kò jìn ni wọ́n ń kó wọn lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti le, tí ọkọ̀ kì í sáré gbà kọjá, tí ẹja wẹẹrẹ sì pọ̀. Kí ẹ tó gbé kayak wọ omi, ẹ dúró sórí ilẹ̀, kí ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn wo kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe nǹkan ìwò-ẹ̀ẹ̀kan: loon lè wà lábẹ́ omi fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ó sì yọ níbi tó jìnnà sí ibi tó ti rì.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ náà tún kù díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìdí pátápátá ni ẹsẹ̀ loon wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ omi í wọ̀, òun náà ni kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀. Etí omi gan-an ló wá ń tẹ́ ìtẹ́ sí, ìgbì ọkọ̀ kan ṣoṣo sì lè gbá ẹyin dànù. Bí ẹ bá rí okùn àti àkọlé tó léfòó lójú omi lẹ́bàá erékùṣù kékeré kan, ẹyin wà níbẹ̀ tàbí ó ti wà níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.

Bàbá_Kayak

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ jíjìnnà. Loon Preservation Committee, tó ti ń ṣọ́ àwọn ẹyẹ yìí ní New Hampshire láti 1975, sọ pé ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 150, ìyẹn bíi mítà 46. Ojú omi máa ń tan èèyàn, ohun tó jìn máa ń dà bíi pé ó wà nítòsí. Bí kayak yín bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ fojú inú to kayak 13 tẹ̀ léra. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ti ìtẹ́ tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan rò pé nítorí kayak kò lẹ́ńjìnnì, kò lè da ẹyẹ láàmú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa ń kọjá lọ ni. Kayak ló máa ń rá pálá wọ inú kọ̀rọ̀, tó máa ń tẹ̀ lé ẹyẹ kiri, tó sì máa ń dúró fún wákàtí kan.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má kọjú ọkọ̀ sí wọn tààrà. Kayak méjèèjì kí ó wà ní apá kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sáàárín òbí àti ọmọ, kí ẹ má sì dí ẹnu kọ̀rọ̀ tí wọ́n wà: wọ́n gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde síbi tí omi ti jìn. Ẹ gbé àjẹ̀ yín nílẹ̀-nílẹ̀, torí pé bí abẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sókè-sódò tí oòrùn sì ń tàn lára rẹ̀, ó máa ń kọ mànà láti òkèèrè. Nígbà tó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 200, ẹ dá àjẹ̀ dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn yín fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ, yóò rọra máa gbé yín lọ bá wọn nígbà tí ojú yín wà nínú kámẹ́rà. Kí ẹ tó gbójú sókè, ẹ ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Ẹ tọ́ ọkọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ á ti gbé yín gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Bí wọ́n bá wá fúnra wọn lúwẹ̀ẹ́ wá bá yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má fọwọ́ kan àjẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì: ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, kì í ṣe kó wà lẹ́yìn ìjókòó. Àtọmọ àtàgbà.

AláwòẸyẹ

Kí n fi ti ara ẹyẹ kún ti Bàbá Kayak, torí pé ara ẹyẹ ló ń sọ bóyá ẹsẹ̀ bàtà 150 tó tàbí kò tó.

Loon tí ara tù máa ń sùn pẹ̀lú àgógó nínú ìyẹ́ ẹ̀yìn, á máa fi àgógó tún ìyẹ́ ṣe, á máa bọ́ ọmọ. Ó tún lè na ẹsẹ̀ kan sókè kúrò nínú omi kó máa jù ú. Lọ́dọọdún làwọn èèyàn ń pe àwọn olùtọ́jú ẹranko pé loon kan ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò ṣẹ́, ó kàn ń na ẹsẹ̀ ni.

Bó bá na ọrùn gangan tó dá jíjẹ dúró tó sì ń wò yín, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ má dúró de èyí tó kàn. Èyí tó kàn ni pé ara rẹ̀ á rì sínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ma hàn mọ́, á kó ọmọ mọ́ra á sì máa yí lọ. Lẹ́yìn náà ni igbe tó dà bí ẹ̀rín wàràwàrà. Paríparí rẹ̀ ni kí ó nàró lórí omi, kí ó tẹ àgógó mọ́ àyà, kó máa fi ẹsẹ̀ gbá omi kó sì máa pariwo. Àwòrán yẹn wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn á máa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé loon ń jó. Ìbẹ̀rù ni, ó sì ń jẹ agbára tó yẹ kó fi wá oúnjẹ fọ́mọ.

Ti orí ìtẹ́ yàtọ̀. Bí ẹ bá rí i tó na ọrùn sílẹ̀, tí orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ eṣinṣin dúdú, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ ka ara yín sí ẹni tó fà á, kí ẹ sì lọ. Bó bá já wọ omi, ẹ kúrò kíákíá kó lè padà. Ẹyin tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ á tutù tàbí kí oòrùn sè é, ẹyẹ ìwò àti gull (ẹyẹ etí omi kan) kì í sì í pẹ́ rí i.

Lẹ́ǹsì_Gígùn

Ó kan kámẹ́rà wàyí. Ìyá Ìbejì, lẹ́ǹsì yín tó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan yín ra lẹ́ǹsì 600 mm. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lórí APS-C ní 400 mm, ní mítà 46, férémù yín á gba bíi mítà 2.7 ní ìbú. Loon gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, nítorí náà á gba ohun tó dín díẹ̀ ní ìdámẹ́ta férémù. Nínú píkíṣẹ́lì 6000, bí 1,780 jẹ́ ti ẹyẹ nìkan. Bí ẹ bá gé fọ́tò náà sí 3000 ní ìbú, á tẹ̀ jáde ní ínǹṣì mẹ́wàá ní 300 dpi (píkíṣẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan), omi àti òjìji á sì ṣì yí ẹyẹ ká. Ó dùn ún wò ju orí loon tó kún gbogbo férémù lọ.

Oòrùn á máa yọ ní bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wà lórí omi kó tó yọ. Láti ìgbà náà dé aago méje ààbọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ dáa, tí afẹ́fẹ́ kò tíì dìde, táwọn ọkọ̀ ńlá kò sì tíì jí. Ẹ dúró sí apá ìlà-oòrùn wọn kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Èyí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ lọ: ojú loon pupa bí ẹ̀jẹ̀ nígbà ooru, ṣùgbọ́n pupa náà kì í hàn àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀ tààrà. Bí oòrùn bá wà níwájú yín, orí dúdú lásán lẹ ó yà, ojú á sọnù sínú rẹ̀.

Ìyára shutter (ìlẹ̀kùn kámẹ́rà), ní ìdá ìṣẹ́jú-àáyá: 1/1000 nínú kayak fún ẹyẹ tó ń wẹ̀, torí pé ẹ̀yin náà ń mì. Lórí pèpéle etí omi, 1/500 tó. Bó bá fẹ́ gbọn ìyẹ́, 1/2000. Ẹ jẹ́ kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) máa yí fúnra rẹ̀, kí òkè rẹ̀ jẹ́ 3200. Ẹ máa ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe).

Ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ló ń ba ti loon jẹ́ jù. Ẹyẹ dúdú lórí omi dúdú máa ń tan kámẹ́rà, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á wá mú gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àyà funfun á fi di funfun báláú tí kò ní ìyẹ́ kankan lára. Ẹ gbé exposure compensation (ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí tó ń dín in kù) sí −2/3 láti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya kan, ẹ wo histogram (àtẹ ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò). Bí apá ọ̀tún bá ti gun ògiri, ẹ tún dín in. Nínú kùrukùru òwúrọ̀ ni ẹ ó ti yí i padà, kùrukùru funfun á mú kí kámẹ́rà mú un ṣókùnkùn, ẹ gbé e sí +1/3 tàbí +2/3.

Fókọ́ọ̀sì: bí kámẹ́rà bá ní ìdámọ̀ ojú ẹyẹ, ẹ tàn án. Bí kò bá ní, ẹ lo àmì kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e sí ibi tí funfun àyà ti pàdé dúdú ọrùn. Bí ẹ bá gbé e sí orí dúdú náà, kò ní rí ohun tó máa dì mú, á kàn máa lọ á máa bọ̀.

Ohun kan tó máa ń ba òwúrọ̀ èèyàn jẹ́: kámẹ́rà tó sùn nínú yàrá tí AC ti tutù, tí ẹ wá gbé jáde sínú ọ̀rinrin. Dígí rẹ̀ á fọ́n omi. Ẹ fi sínú báàgì tó ní pádì, kí ẹ pa á dé, kí ẹ gbé e síta fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i.

Tọ́lá_Ontario

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò mẹ́nu kan f/8, ìyẹn bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó (bí nọ́ńbà bá ṣe ga ni ihò ṣe kéré). Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, f/5.6 á mú ọ̀kan, á sì sọ ìkejì di bàìbàì. Ní Algonquin, ọgbà igbó ńlá wa ní Ontario, Kánádà, níbi tí loon pọ̀ sí, f/8 lèmi máa ń sọ fún èèyàn.

Lẹ́ǹsì_Gígùn

Tọ́lá, òótọ́ lọ̀rọ̀ yín bó bá jẹ́ pé ẹyẹ wà ní mítà mẹ́wàá. Ní mítà 46, ohun tó mọ́ kedere ní f/5.6 lórí kámẹ́rà rẹ̀ yìí tó bíi mítà mẹ́ta láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní f/8 á di bíi mítà mẹ́rin. Ìdílé tó wà pọ̀ kò gbà ju mítà kan lọ. Ẹ ṣí i sílẹ̀ pátá, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tó kù ra shutter. Bí òbí kan bá wà níwájú tí ìkejì sì wà ní mítà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, f/8 náà kò ní gbà yín.

Polarizer (dígí tó ń pa dídán omi) náà, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ nílò ní aago márùn-ún ààbọ̀.

Tọ́lá_Ontario

Mo gbà, ìṣirò kì í parọ́. Àmọ́ kí ẹ má gbàgbé pé ẹyẹ tiwa ló wà lára owó dọ́là wa láti 1987, a ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ 😄

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ẹ máa wo ohun tí ẹyẹ fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Gbígbọn ìyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń wá kì í ṣàdédé wáyé, òpin ìtúnraṣe ló wà. Loon á kọ́kọ́ fi orí ra ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ níbi tí òróró wà, á fi àgógó fa ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, á fì sí ẹ̀gbẹ́ tí ikùn funfun á fi hàn, á máa ri orí bọmi. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló máa nàró tí á na apá méjèèjì, kò sì ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì ni kí ẹ ti gbé shutter sí 1/2000, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè férémù, torí pé ìyẹ́ tí a gé lórí ni ó ń ba ọ̀pọ̀ irú fọ́tò yẹn jẹ́.

Ti fífún ọmọ lóúnjẹ rọrùn: ẹ má lé òbí tó rì. Ọmọ ni kí ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ kí ẹ dúró. Ibi tí ọmọ wà ni òbí ń gbé ẹja bọ̀.

Ẹ tún fetí sílẹ̀. Ohùn mẹ́rin ni. *Hoot* jẹ́ ohùn kúkúrú tí kò lọ sókè, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. *Wail* gùn, ó ń fà, ẹnì kan ń wá ẹnì kejì rẹ̀. *Tremolo* ni ẹ̀rín yẹn, ìdààmú ni. *Yodel* jẹ́ ti akọ nìkan: ó ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ yodel, ẹ gbójú sókè. Loon àjèjì ló ń fò bọ̀ tàbí idì, fọ́tò sì wà nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù gbé ohùn loon sí wọn létí. Akọ á fi oúnjẹ sílẹ̀ á wá bá òjìji jà.

Ẹ̀gbọ́n_Apẹja

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń yàwòrán kì í fẹ́ràn àwa apẹja, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa fẹ́ ju ìwọ̀ sómi, nítorí náà ẹ gbọ́ èyí.

Òjé ló ń pa loon àgbà jù lọ ní New Hampshire. Loon máa ń gbé òkúta wẹẹrẹ mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ egungun ẹja. Ó lè ṣa òjé ìwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi mọ́ òkúta, ó sì lè gbé ẹja tó já lọ pẹ̀lú ìwọ̀ mì. Iwe á máa lọ òjé náà, á máa wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kan kékeré tó láti pa á. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí a tà tàbí kí a lo òjé ìwọ̀ àti jig olójé (ìwọ̀ tí òjé wà lórí rẹ̀) tí kò ju áńsì kan lọ. Àpótí ìwọ̀ àtijọ́ tó wà nínú ilé tí ẹ háyà lè kún fún un, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tungsten, irin tàbí tin ni kí ẹ lò.

Bí loon bá yọ nítòsí nígbà tí okùn wà nínú omi, ẹ ká a wọlé. Ẹja tó ń jà lórí ìwọ̀ ni loon ń rí, kì í rí okùn. Ẹ sì kó gbogbo okùn tó já lọ sílé.

ÌyáÌbejì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o! Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ kò ní kámẹ́rà, fóònù nìkan ló ní. Ṣé kó kàn máa wò ni?

AláwòẸyẹ

Kó mú awò awọ̀nàjíjìn 8x42. Kó má mú 10x lọ sínú kayak, ohun tó ń sọ nǹkan di ńlá náà ló ń sọ mímì di ńlá. Ní ti fóònù, kó má fà á gùn láti ya loon tó jìn, á dà bí ìdọ̀tí lórí omi. Ṣùgbọ́n fídíò rẹ̀ láti orí pèpéle ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí omi dákẹ́ tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn láti adágún kan sí èkejì, kò sí kámẹ́rà wa tó lè bá a dọ́gba. Bí ilé náà bá ní awò olẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó gbé ojú fóònù (èyí tó jẹ́ 1x) sí ojú awò, kó dì í mú ṣinṣin, kó wá fà á díẹ̀ títí òkùnkùn etí rẹ̀ á fi lọ.

Ní ti adágún kékeré lẹ́yìn ilé, bó bá ṣe pé beaver (ẹranko tó ń fi igi sé omi) ló sé e, oríire yín ni. Igi tó kú sínú omi níbẹ̀ ni great blue heron ń tẹ́ ìtẹ́ sí, ìbátan lékeléke ni, ṣùgbọ́n ó ga ju mítà kan lọ. Òun ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́. Ó lè dúró bí òpó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sọ ọrùn. Bí ọrùn bá ti ká tí orí sì ń rọra tẹ̀ síwájú, ẹ tẹ shutter kó tó sọ ọ́. Bí ẹ bá dúró de ẹja, omi tó ta nìkan lẹ ó rí.

Wood duck wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ihò igi ló ń yé sí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fò bọ́ láti òkè ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ẹ má wá akọ aláràbarà tí ẹ rí nínú ìwé. Ní oṣù Keje akọ pẹ́pẹ́yẹ ti bọ́ ìyẹ́, ó ti dà bí abo, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò sì lè fò. Ti wood duck, ojú pupa àti àgógó tó ní àwọ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ti mallard, àgógó akọ ṣì pupa-rúsúrúsú mọ́ ewé díẹ̀, ti abo jẹ́ ọsàn tó ní àpá dúdú. Nítorí pé wọn kò lè fò, ẹ má lé wọn wọ gbangba.

Belted kingfisher ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, igbe rẹ̀ ń dún gbẹkẹgbẹkẹ bí ẹni mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lára rẹ̀, abo ló ní ọ̀já pupa níkùn, akọ kò ní. Ẹ̀ka kan náà ló máa ń padà sí, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ, kí ẹ dojú kọ ẹ̀ka yẹn kí ẹ sì jókòó.

Bàbá_Kayak

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa merganser, irú pẹ́pẹ́yẹ kan. Common merganser náà ń pọn ọmọ, èèyàn púpọ̀ sì ń fi í pe loon. Ẹ ka àwọn ọmọ: loon kì í sábà ní ju méjì lọ, merganser lè kó mẹ́wàá tẹ̀ lé ara. Orí abo rẹ̀ búráùn, irun orí rẹ̀ sì dà rú. Cormorant, ẹyẹ omi dúdú mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń gbé àgógó sókè, ẹnu rẹ̀ sì kọ́ bí ìwọ̀. Ti loon gún bí ọ̀bẹ, ó sì ń gbé e lọ gbọọrọ.

ỌmọHouston

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè dé New Hampshire, loon ń bọ̀ wá bá wa. Nígbà òtútù wọ́n máa ń wà létí òkun Gulf, ẹ lè rí wọn ní Galveston, ní Texas. Eérú àti funfun ni wọ́n nígbà náà, ojú kì í pupa mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọjá lára wọn láì mọ̀.

ÌyáÌbejì

Ìbéèrè kan ló kù. Bí a bá rí ọmọ loon kan tó dá wà lójú omi tí kò sí òbí ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ mi á ní ká gbé e.

AláwòẸyẹ

Ẹ má gbé e. Àwọn òbí wà lábẹ́ omi ń wá oúnjẹ ni, tàbí wọ́n ti rí yín tí wọ́n sì dúró lókèèrè. Ẹ̀yin gan-an lè jẹ́ ìdí tí ọmọ fi dá wà. Ẹ wa ọkọ̀ jìnnà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 300, kí ẹ fi awò máa wò fún ìdajì wákàtí. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1918 kò gbà kí a mú ẹyẹ yìí, ẹyin rẹ̀ tàbí ìyẹ́ rẹ̀, kódà ìyẹ́ tó já sílẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pe Loon Preservation Committee ni bí ẹ bá rí okùn tó wé àgógó tàbí ìyẹ́, bí loon àgbà bá gun orí ilẹ̀ tí kò sì sí lórí ìtẹ́, tàbí bí kò bá lè gbé orí sókè. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà, ẹ kọ aago àti orúkọ kọ̀rọ̀ omi náà sílẹ̀, kí ẹ má lé e. Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Moultonborough, kò jìnnà sí Squam.

Lẹ́ǹsì_Gígùn

Bí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò síbí nígbà tí ẹ bá dé, ẹ kọ orúkọ adágún, ẹ má kọ kọ̀rọ̀. Bí ìtẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ dúró di oṣù Kẹsàn-án kí ẹ tó gbé e jáde. Kí bàbá àwọn ọmọ náà pa location inú kámẹ́rà fóònù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.